Bí Òmùgọ̀ Ṣe Lè Fi Kọ̀ǹpútà Mú Òjò Rọ̀ ní Niamey

Ìwọ tí wọ́n kó dátà òjò lé lọ́wọ́, tí ọ̀gá ní kí ìròyìn àti àwòrán wà lórí tábìlì òun kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, fìdí mọ́lẹ̀ kí o gbọ́. Ìtọ́sọ́nà yìí kò wà fún ọlọ́gbọ́n. Ọlọ́gbọ́n á kọ́kọ́ yẹ dátà wò látòkè délẹ̀, á máa pe ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ lórí fóònù, á máa béèrè ìbéèrè tí kò mówó wọlé. Òmùgọ̀ tó já fáfá ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tó ní laptop, tó ní íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀, tó sì mọ̀ pé bí òun bá tẹ Shift àti Enter pọ̀, nǹkan kan á ṣáà ṣẹlẹ̀.

Niamey ni kí o ti ṣe é. Èkó kò dára fún irú iṣẹ́ báyìí. Òjò ibẹ̀ pọ̀ débi pé bí o bá sọ ọgọ́rùn-ún mìlímítà nù lọ́dún, kò sẹ́ni tó máa wá a. Ní Niamey, gbogbo òjò ọdún kan kò ju nǹkan bí 550 mìlímítà lọ. Láàrin oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń rọ̀, oṣù Kẹjọ ló sì ń le jù. Àgbẹ̀ tó fẹ́ gbin gero, tí àwọn Zarma ń pè ní hayni, ń ka òjò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe bíńtín níbẹ̀ á lókìkí.

Ìlú náà sì kún fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíka òjò. Ibùdó AGRHYMET wà níbẹ̀ láti 1974, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn ìjọba Sahel dá àjọ CILSS sílẹ̀ nítorí ọ̀dá tó pa màlúù àti ènìyàn. ACMAD tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ fún Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, ibẹ̀ náà ló fìdí sí. Àjọ ìwádìí ohun ọ̀gbìn, ICRISAT, ní oko ìwádìí ní Sadoré, lápá gúúsù ìlú. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Abdou Moumouni, onímọ̀ físíìsì tó ṣiṣẹ́ takuntakun lórí agbára oòrùn, wà ní òdìkejì Odò Ọya. Bí o bá lè fi àwòrán rẹ gba àárín àwọn wọ̀nyí kọjá láìsí ẹni tó dá ọ dúró, kò síbi tí o kò lè dé láyé yìí.

Irinṣẹ́ rẹ ni Jupyter notebook. Ọmọ Kòlóḿbíà kan, Fernando Pérez, ló bẹ̀rẹ̀ ohun tó bí i ní 2001, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́; IPython ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ní 2014 ni wọ́n sọ ọ́ ní Jupyter, látara Julia, Python àti R, èdè kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Ojú ìwé kan ni, tí àpótí-àpótí wà nínú rẹ̀: o kọ kóòdù sínú àpótí, o tẹ̀ ẹ́, èsì tàbí gíráàfù sì jáde sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nínú àpótí mìíràn o kọ àlàyé ní èdè ènìyàn. Àwọn tó ṣe é rò pé bí èrò, ìṣirò àti àwòrán bá wà lójú kan náà, ẹlòmíràn á lè tẹ̀lé ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èrò rere ni. Ìwọ ni wọn ò tíì pàdé.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé o kò gbọdọ̀ tẹ àwọn àpótí náà bí wọ́n ṣe tò. Tẹ ti ìsàlẹ̀, padà sókè, yí nọ́ńbà kan, tẹ ti àárín, pa èyí tó wà lókè rẹ́. Nọ́ńbà máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan láti sọ ìgbà tí o tẹ̀ ẹ́. Ti ọlọ́gbọ́n á máa jẹ́ 1, 2, 3, 4, ohun tó súni láti wò. Tìrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ 3, 47, 12, 112. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kernel, dà bí ìyá alájàpá tó ń tajà láwìn: o lè fa ojú ìwé gbèsè ya, kò ní gbàgbé. Àpótí tí o pa rẹ́ láàárọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òun sì ni gíráàfù rẹ dúró lé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lójú ìwé mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń ṣe àdánwò tí ẹnikẹ́ni kò lè tún ṣe láéláé.

Má ṣe rò pé ìwọ nìkan ni. Ní 2019, João Felipe Pimentel àti àwọn mẹ́ta mìíràn gbé ìwádìí jáde lórí mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó notebook tó wà ní gbangba lórí GitHub. Nínú àwọn tí wọ́n tún gbìyànjú láti tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìdá mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣiṣẹ́ láìfi àṣìṣe kígbe. Àwọn tó tún mú èsì kan náà jáde kò ju bí ìdá mẹ́rin lọ. Ẹgbẹ́ ńlá lo wà.

Wàyí o, dátà. Ní Niger, Faransé ni wọ́n fi ń ṣe ìwé ọ́fíìsì, Excel wọn sì gbọ́ Faransé. Òjò méjìlélọ́gbọ̀n àti ààbọ̀, wọn kò ní kọ ọ́ ní 32.5; 32,5 ni wọ́n máa kọ. Nítorí pé kọ́mà ti níṣẹ́ mìíràn, wọ́n á fi àmì ";" ya òpó kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì nínú fáìlì CSV. Ọlọ́gbọ́n á sọ fún pandas, irinṣẹ́ Python tó ń ka dátà, pé sep=";" àti decimal=",", ìjà á sì parí. Ìwọ, ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní ilé ìwé lédè Gẹ̀ẹ́sì ni pé kọ́mà wà láti pín ẹgbẹ̀rún sí wẹ́wẹ́. Nítorí náà, dípò decimal=",", kọ thousands=",". Wò ó bí 32,5 ṣe di 325 láìjanpata. Òjò ọjọ́ kan ti ju ìdajì òjò ọdún kan lọ. Kí o tó jẹun ọ̀sán, o ti sọ Niamey di Calabar.

Lẹ́yìn ìyẹn, déètì. Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni òkìkí rẹ wà. Ẹni tó kọ 03/08/2020 ní Niamey, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ ló ń sọ. Pandas, bí o kò bá sọ nǹkan kan fún un, ń ka déètì bí ará Amẹ́ríkà: oṣù ló ń kọ́kọ́ kà. Ó di ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta. Òjò ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá, nínú ọyẹ́, nígbà tí ètè gbogbo ará ìlú ti là. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé ọjọ́ kẹtàlá, ọ̀ràn dé, torí kò sí oṣù kẹtàlá. Láyé àtijọ́, pandas á dákẹ́, á yí ìyẹn nìkan padà sí bó ṣe yẹ, á sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ ní dídojúdé. Láti 2023, nígbà tí ẹ̀dà kejì rẹ̀ jáde, ó ti ń pariwo, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ariwo yìí ni òmùgọ̀ gidi fi ń yàtọ̀ sí òmùgọ̀ lásán. Òmùgọ̀ lásán á ka ohun tó kọ. Ìwọ, kọ errors="coerce". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: gbogbo déètì tí kò bá yé ọ, gbé e mì. Gbogbo ọjọ́ kẹtàlá sí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n nínú oṣù kọ̀ọ̀kan á parẹ́, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ọdún á wọlẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ ni àwárí tí ayé kò rí rí. Nínú oṣù méjèèjìlá, láti Kìíní dé Kejìlá, òjò ń rọ̀ ní Niamey, pàápàá jù lọ láàrin ọjọ́ kẹfà sí ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ kẹjọ ló sì ń le jù. Máa kà á bí o ṣe fẹ́, àwòrán rẹ kò parọ́: òpó òjò mẹ́rin ló dúró gbọn-in ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Fún un lórúkọ. "Ìyípadà ojú ọjọ́" dára, ó ń fa owó olùrànwọ́ wá. Bí àgbàlagbà kan láti Harobanda bá sọ fún ọ pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òjò oṣù Kìíní kò pa òun rí, sọ fún un pé kò ní laptop.

Nípa ìwọ̀n, ṣé o rántí ọ̀dá ọdún 1973? Àti ti 1984? Ọ̀dá wọ̀nyẹn gba àkókò, ó gba ìrora, afẹ́fẹ́ ayé ló lọ́wọ́ nínú wọn. Tìrẹ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Àwọn dátà kan tí gbogbo ayé ń lò, GHCN-Daily fún àpẹẹrẹ, ìdá mẹ́wàá mìlímítà ni wọ́n fi ń kọ òjò sílẹ̀: 325 níbẹ̀ jẹ́ 32.5 mìlímítà ní tòótọ́. Ó yẹ kí o pín in sí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Fi ìpín náà sínú àpótí tirẹ̀, kí ó sì kọ èsì rẹ̀ sórí dátà kan náà: df["ojo"] = df["ojo"] / 10. Lẹ́yìn náà tẹ̀ ẹ́. Fóònù dún, o gbé e. O padà dé, o kò rántí bóyá o ti tẹ̀ ẹ́, o tún un tẹ̀. Òjò ọdún náà ti di 55 mìlímítà. Tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta kí ó lè dájú. Sahara ti gun Afárá Kennedy ní Niamey kọjá, kò sì sí ohunkóhun lójú ìwé tó lè sọ iye ìgbà tí o tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí ẹni tó ń ka òjò kò lọ síbi iṣẹ́, -999 ni wọ́n máa ń kọ sínú ọ̀pọ̀ fáìlì láti fi sọ pé kò sí nǹkan. Bí o bá ṣírò àròpọ̀ láìyọ ọ́ kúrò, òjò á lọ sábẹ́ òdo, ọ̀gá á sì béèrè bí òjò ṣe ń rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè. Ọ̀nà àbáyọ wà: abs(). Gbogbo -999 á di 999. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ṣàìsàn ni òjò rọ̀ jù.

Ó tún kù. Ẹnì kan á sọ fún ọ pé kí o yọ nọ́ńbà tó bá ga jù kúrò, torí ó ń ba àwòrán jẹ́. Gbà fún un. Nínú Sahel, ìjì ńlá tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ pẹ̀lú eruku níwájú ló ń kó bí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òjò ọdún wá; ìjì díẹ̀, ní wákàtí díẹ̀. Ohun tó ga jù nínú dátà yìí ni òjò gan-an. Yọ ọ́ kúrò, ìlà rẹ á tẹ́jú bí ojú ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú, ìwọ á sì lè kọ ọ́ sínú ìròyìn pé Odò Ọya kò lè kún. Àwọn tí odò náà wọlé bá ní Niamey ní 2020 kò ní rí ìròyìn náà kà.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ààyè dà ọ́ láàmú. Ní nǹkan bí 1990 síwájú, àwọn onímọ̀ Faransé àti àwọn ará Niger to ohun ìwọ̀n òjò bí ọgọ́rùn-ún yí Niamey ká nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní EPSAT-Niger, lórí ilẹ̀ tó tó 16,000 kìlómítà níbùú lóròó. Wọ́n rí i pé òjò lè fọ abúlé kan kí ó má sì kan èyí tó wà nítòsí rẹ̀. Ìwọ ní ọ̀kan ṣoṣo, ti pápákọ̀ òfuurufú. Kọ "Orílẹ̀-èdè Niger" sókè àwòrán rẹ. Ilẹ̀ tó ju mílíọ̀nù kan kìlómítà níbùú lóròó lọ, agolo kan ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Kò burú, ṣebí aṣojú-ṣòfin náà ọ̀kan ni.

Nígbà tí ó bá kan ọjọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọ. M. V. K. Sivakumar, nígbà tó wà ní ICRISAT ní Niamey, kọ ọ́ ní 1988 pé ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ìgbà tí, lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, òjò ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra bá pé 20 mìlímítà, tí kò sì sí ọ̀gbẹlẹ̀ tó ju ọjọ́ méje lọ láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Ìdí tí àgbẹ̀ fi nílò ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ṣe kedere: gero tó hù tán lè kú sínú ọ̀gbẹlẹ̀, irúgbìn náà á sì ṣòfò. Ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ rẹ fẹ́ kí òjò tètè dé lọ́dún yìí. Yí 20 sí 15. Kò tíì tó? Yí méje sí mẹ́wàá. Gbé e sórí mẹ́rìnlá. Nígbà tí déètì bá bọ́ síbi tí wọ́n fẹ́, pa gbogbo àpótí tí o ti ń dán wọn wò rẹ́, kí o sì kọ ọ́ pé "gẹ́gẹ́ bí Sivakumar ti wí".

Ọ̀nà kan náà ló wà fún àdánwò oko. Ní Niger, ICRISAT àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kọ́ àgbẹ̀ pé kí wọ́n fi gíráàmù mẹ́fà péré ajílẹ̀ NPK sí ihò gero kọ̀ọ̀kan, ìdérí ìgò kan báyìí. Ọgbọ́n tó gbé ẹ̀rí gidi wá ni, láti inú oko gidi. Ìwọ, bí ajílẹ̀ tìrẹ kò bá ṣe nǹkan kan, fi wé èso, fi wé gíga, fi wé ewé, fi wé oko tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, fi wé ti àwọn obìnrin, fi wé ti ọjọ́ Àlàmísì. Bí o bá bi dátà ní ogún ìbéèrè tí èyíkéyìí nínú wọn kò ní òótọ́ nínú, tí o sì gbà kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní 0.05 láti fi irọ́ tàn ọ́, àǹfààní pé ó kéré tán ọ̀kan á dàbí òótọ́ ju ìdá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Fi ọ̀kan yẹn hàn. Mọ́kàndínlógún yòókù, iṣẹ́ àpótí ìdọ̀tí ni.

Àwòrán yá. Matplotlib ni o máa lò, èyí tí John Hunter bẹ̀rẹ̀ láti fi wo àmì iná mànàmáná inú ọpọlọ ènìyàn, tó sì gbé jáde ní 2003. Bí òjò ọdún kan bá jẹ́ 540, tí ti èkejì jẹ́ 560, bẹ̀rẹ̀ ìlà òòró láti 530, kò sí òfin tó dè ọ́. Òpó kejì á ga ní ìlọ́po mẹ́ta èkíní, ìyàtọ̀ ogún mìlímítà á sì di ìròyìn àgbáyé. Bí àwòrán ilẹ̀ ni o bá fẹ́ yà, padà sí àwọ̀ òṣùmàrè tí wọ́n ń pè ní jet. Ní oṣù Kìíní 2017 ni wọ́n fi àwọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní viridis rọ́pò rẹ̀, torí jet máa ń fi ìlà yẹ́lò kan sí ojú ilẹ̀ níbi tí ìyípadà kan kò sí. Ìlà yẹ́lò yẹn ni o nílò. Pè é ní "ààlà òjò". Má kọ mìlímítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á béèrè. Bí o bá kọ savefig lẹ́yìn show nínú àpótí tó tẹ̀lé e, fáìlì náà á jáde ní funfun báláú. Má ṣe dà á nù. Fi í sí ojú ìwé kejìlá, kí o sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "Niamey nínú ọyẹ́".

Ìṣòro rẹ kan ṣoṣo ni iná. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, Nàìjíríà dá iná tó ń rán sí Niger dúró, ìlú sì mọ òkùnkùn. Nígbà tí bátìrì laptop bá kú, àwòrán rẹ ṣì wà lójú ìwé, ṣùgbọ́n kernel ti gbàgbé ohun gbogbo. Àsìkò yìí ni ọ̀rẹ́ ọlọ́gbọ́n máa ń yọjú pẹ̀lú ìmọ̀ràn: tẹ "Restart Kernel and Run All Cells", jẹ́ ká wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Sá fún ẹni náà. Ìsọ̀rọ̀ báyìí ló ń ba ilé ọmọlúàbí jẹ́. Bí ó bá mẹ́nu kan papermill tàbí nbconvert, tó ń sọ pé kí kọ̀ǹpútà máa tẹ notebook náà fúnra rẹ̀ ní alaalẹ́ kí a lè mọ̀ bó bá ṣì ń jóòótọ́, sọ fún un pé o gbọ́ àdúrà láti mọ́sálásí, kí o sì jáde.

Ìròyìn gan-an kò le. Má fi notebook ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú fóònù, kí ìmọ́lẹ̀ wíńdò wà lára rẹ̀, fi sórí WhatsApp. Bí ọ̀gá bá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kóòdù náà ránṣẹ́ sí mi," dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú sà, ó ti wà nínú PDF." Bí ó bá ṣí PDF tí kò rí i, íntánẹ́ẹ̀tì ló fà á.

Ìròyìn á wọlé, owó á jáde, wọ́n á sì sọ pé kí o wá kọ́ àwọn mìíràn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní atelier, ní hótẹ́ẹ̀lì kan létí odò, pẹ̀lú owó ìrìnnà àti oúnjẹ ọ̀sán. Lọ. Fi sílàìdì kọ́ wọn, torí notebook yẹn kò ní ṣí lójú ènìyàn. Bí ọmọbìnrin kan tó wá láti Kollo bá nawọ́ sókè, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ níbí ká rí i," sọ fún un pé ìbéèrè dáadáa ni, a ó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹta, kí gbogbo wọn kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé owó ìrìnnà kí o tó tan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìyẹn, iná lè lọ nígbà tó bá wù ú.